Kílíníkì ọmọdé ti ní ó tó, ti àgbà ò tíì gbà á wọlé: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, òní ni màá sọ tèmi. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti ń gba ìtọ́jú látìgbà tó ti wà nílé ìwé girama. Ó ń gbóhùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, ó sì dá a lójú pé àwọn kan ń ṣọ́ òun láti inú fóònù. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kílíníkì àwọn ọmọdé mọ̀ ọ́n dáadáa. Lọ́jọ́ tí kò bá fẹ́ dá ẹnikẹ́ni nínú ilé lóhùn, ó ṣì máa ń dá dókítà yẹn lóhùn.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 18 ni. Lẹ́tà dé pé kílíníkì ọmọdé ò lè rí i mọ́, pé wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ti àgbà. Mo pe ti àgbà, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, ká máa retí ìpè. Títí dìgbà wo? Ẹni tó gbé fóònù ò lè sọ. Oògùn tó wà nílé ò ní pẹ́ tán. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá dókítà sọ̀rọ̀, wọ́n ní ọmọ mi ti dàgbà, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pè. Ẹni tó ń sọ pé nǹkan kan ò ṣe òun, tí fóònù gan-an ń bà lẹ́rù, òun ni wọ́n ní kó pè!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù

Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Wọ́ọ̀dù àwọn aláìsàn ọpọlọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú ẹjọ́ yìí ò sì ṣàjèjì sí wa. Oògùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó ná. Ẹ padà sọ́dọ̀ kílíníkì tó kọ lẹ́tà yẹn, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé ọwọ́ wọn lọmọ ṣì wà títí dọjọ́ tí dókítà tuntun bá jókòó tì í, kí wọ́n sì kọ oògùn tó máa gbé e dé ọjọ́ náà. Bí wọ́n bá kọ̀, dókítà gbogbogbòò tó ń wo ìdílé yín lè máa kọ oògùn kan náà fún un, bó bá ṣáà ti ní lẹ́tà tó dárúkọ oògùn náà àti ìwọ̀n rẹ̀ lọ́wọ́. Irú oògùn yìí kì í ṣe ohun téèyàn ń já lójijì.

Ẹ má rò pé ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ṣe é fún. Swaran Singh àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọpa àwọn ọ̀dọ́ tó ń kúrò ní ìtọ́jú ọmọdé bọ́ sí ti àgbà, wọ́n sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2010. Nínú àwọn tó tiẹ̀ rí ọ̀nà dé ọ̀hún, àwọn tí wọ́n fà lé àgbà lọ́wọ́ bó ṣe yẹ ò tó 5 nínú 100. Bó ṣe yẹ tí mò ń sọ ni pé kí wọ́n ti ṣètò sílẹ̀, kí ìwé rẹ̀ ti dé ibẹ̀, kí ẹgbẹ́ méjèèjì ti jọ jókòó, kí ìtọ́jú má sì já lẹ́yìn náà. Ọjọ́ orí tí wọ́n sì yàn láti máa dá àwọn ọmọ yìí dúró gan-an ni àìsàn náà máa ń yọjú. Ìwádìí Ronald Kessler ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005 rí i pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àìsàn ọpọlọ ló ti bẹ̀rẹ̀ kí onítọ̀hún tó kọjá ọdún 24.

Torí náà, ẹ béèrè fún ìpàdé kan tí dókítà ọmọdé àti ẹni tó máa gbà á lọ́dọ̀ àwọn àgbà máa jọ wà níbẹ̀, ì báà jẹ́ lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí ohun tí a bá fẹnu sọ nídìí káńtà kì í wọ fáìlì. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un: ta la máa pè bí nǹkan bá yí padà kí ọjọ́ náà tó pé? Orúkọ èèyàn kan pàtó ni kẹ́ ẹ gbà, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Bí wọ́n bá ní “ẹ pe ọ́fíìsì”, ẹ tún un béèrè.

Bàbá Ìbejì

Ìyá Àkọ́bí, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí “ọmọ yín ti dàgbà” yẹn, torí ó máa ń bí mi nínú. Òótọ́ ni pé dókítà ò gbọ́dọ̀ tú àṣírí àgbàlagbà fún ẹlòmíì láìjẹ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ n ò tíì rí òfin tó ní kó di etí. Ó lè má sọ nǹkan kan fún yín, ẹ̀yin lè sọ fún un. Bí ẹni tó gbé fóònù bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin fún yín, ẹ dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé ẹ ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ jẹ́.

Lẹ́tà ló sì dáa jù. Àbúrò mi obìnrin ló ní bipolar, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí inú èèyàn dùn kọjá ààlà nígbà kan, kó sì bà jẹ́ kọjá ààlà nígbà míì, a sì ti kọ lẹ́tà fún un débi pé àwọn ẹlòmíì máa ń pè mí wá bá wọn kọ tiwọn. Èyí tí dókítà máa ń kà tán ni èyí tí kò kọjá ojú ewé kan, tó sì sọ ohun tójú rí. “Ìwà rẹ̀ ti yí padà, ẹ̀rù ń bà wá” kò sọ nǹkan kan fún wọn. Irú èyí ni kẹ́ ẹ kọ: “Láti ọjọ́ Ajé, kì í sùn ju wákàtí méjì lọ lóru. Ó ti fi bébà lẹ gbogbo ojú fèrèsé yàrá rẹ̀. Ó yọ síìmù inú fóònù rẹ̀, ó jù ú sómi. Kì í jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé fún un àfi kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀. Báyìí náà ló ṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n fi gbé e wọ wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń mú wọn dìde, torí ó sọ ibi tí nǹkan ń lọ. Ẹ fi ọjọ́ sí i, kẹ́ ẹ sọ pé kí wọ́n fi sínú fáìlì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà kan pa mọ́. Ohun kan ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn: ní ọ̀pọ̀ ibi, aláìsàn láṣẹ láti ka fáìlì ara rẹ̀. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ lè sọ níṣojú rẹ̀.

Bí ara rẹ̀ bá wá balẹ̀ díẹ̀, ẹ jọ jókòó kọ ìwé kan. Ta ló fẹ́ kí dókítà máa bá sọ̀rọ̀? Oògùn wo ló bá a lára mu, èwo ni kò fẹ́ mọ́ láé? Ta ni kó mú fóònù àti káàdì báǹkì rẹ̀ pa mọ́ bí àìsàn bá tún gbé e? Kó fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà nínú fáìlì. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, òfin gan-an mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ti àbúrò mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì fi “ẹ má jẹ́ kí n ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì” kún un.

Ìyá Rere

Èmi ò ní purọ́ fún yín o. Bí kò bá gbà pé ara òun ò yá, ẹ po oògùn náà mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Ohun tí a ṣe nílé wa nìyẹn.

Adé Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sọ ìyẹn fún wọn. Ẹ dákun.

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà. Èmi ni aláìsàn láàárín yín. Mo bọ̀wọ̀ fún yín o, àmọ́ ẹ ti ń sọ̀rọ̀ wa bí ẹrù tí wọ́n fẹ́ sọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ kan kó sínú òmíì. Ọmọ yìí tiẹ̀ ń ní kí wọ́n tọ́ oúnjẹ òun wò, ìyẹn bí àpẹẹrẹ Bàbá Ìbejì bá jọ tiẹ̀. Bó bá wá já fáfá lọ́jọ́ kan, tó rí lẹ́búlẹ́bú oògùn nísàlẹ̀ abọ́, ṣé ẹ rí i pé ohun tó ń bẹ̀rù ti wá di òótọ́ nìyẹn? Ta ló tún máa gbà gbọ́ lẹ́yìn náà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lé èmi kúrò ní kílíníkì àgbà. Mo wọ yàrá tí wọ́n ti ń dúró, gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ tó ìyá tàbí bàbá mi lọ́jọ́ orí. Ọ̀gbẹ́ni kan kọjú sí ògiri, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ibi tí mò ń lọ nìyí. N ò padà síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n kọ sínú ìwé pé mi ò wá, wọ́n sì yọ orúkọ mi. Kò sẹ́ni tó pè láti béèrè kí ló dé. Ohun tó mú mi padà ò tó nǹkan: ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fún mi láyè àárọ̀ kùtù, nígbà tí ibẹ̀ ò tíì kún, kó sì jẹ́ nọ́ọ̀sì kan náà ni màá máa rí.

Ìkejì ni oògùn. Olanzapine pa ohùn yẹn fún mi, òótọ́ ni. Àmọ́ ebi tó ń pa mí kì í lọ. Mo ń jẹ, mo ń jẹ, aṣọ mi ò wọ̀ mí mọ́, àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí lórúkọ burúkú. Mo dá a dúró, n ò sọ fẹ́nì kankan. Dókítà ìgbà yẹn kọ ọ́ pé alágídí ni mí. Òmíì tí mo bá pàdé lẹ́yìn ló kọ́kọ́ bi mí pé, “Kí ni oògùn yìí ń ṣe fún ẹ tí o ò fẹ́?” Ìyá Àkọ́bí, ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè yìí gan-an. Ẹ má bi í pé “kí ló dé tó ò lo oògùn?”

Ní ti pé ó ní nǹkan kan ò ṣe òun: ẹ má bá a jiyàn rárá. Onímọ̀ ìrònú kan wà ní Amẹ́ríkà, Xavier Amador, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní schizophrenia, àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbóhùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Ó ti ń kọ́ àwọn ẹbí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ò lè rí àìsàn náà lára wa, pé ara àìsàn ni, kì í ṣe agídí. Ọ̀nà tó fi ń kọ́ wọn ni pé kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ gbọ́ bí nǹkan ṣe rí lára rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ jọ fẹ́. Oorun ni tèmi. N kì í lọ rí dókítà nítorí schizophrenia nígbà yẹn, nítorí oorun ni mo ń lọ. Ó sì tó láti gbé mi débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù

Adé Kékeré, o ṣeun, ọmọ dáadáa. Mo fẹ́ kí gbogbo àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ka èyí. Lórí pé kí wọ́n má po oògùn mọ́ oúnjẹ, mo wà lẹ́yìn rẹ gbágbáágbá, kódà mo tún fi kún un: bó bá jẹ oúnjẹ náà láàbọ̀, a ò mọ ìwọ̀n tó wọ inú rẹ̀, dókítà sì lè kọ òmíì kún oògùn tí kò mọ̀ pé ó ń lò, ewu ńlá ni.

Apòògùn Àdúgbò

Ẹ kú ìkàlẹ̀ gbogbo. Lórí sísanra tí àbúrò wa sọ, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi “oògùn ló ń ṣiṣẹ́” dá yín lóhùn. Kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó yẹ kí wọ́n ti wọn ìwúwo rẹ̀, ìbàdí, ìfúnpá, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì máa wò ó lọ. Olanzapine wà lára àwọn tó ń fa sísanra jù. Aripiprazole kì í fà á tó bẹ́ẹ̀. Metformin, oògùn táwọn alátọ̀gbẹ ń lò, lè dín in kù bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sílẹ̀ ni pé dókítà ọpọlọ máa ń rò pé dókítà gbogbogbòò ló ń wò ó, dókítà gbogbogbòò náà ń rò pé ti ọpọlọ ni. Ìyá tó bá di èsì àyẹ̀wò mú lọ́wọ́ ló máa ń fòpin sí i.

Abẹ́rẹ́ tún wà, èyí tí wọ́n ń gún lóṣooṣù, òmíì lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í fi lọ èèyàn àfi ẹni tó bá ti ṣàìsàn títí, bíi pé ìyà ni. Ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀dọ́ mọ̀ pé ó wà látìbẹ̀rẹ̀. Fún ọmọ tó ń gbàgbé oògùn, tàbí tó ti sú láti máa gbọ́ “ṣé o ti lò ó?” láràárọ̀, ìsinmi ni fún gbogbo ilé.

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo kọ lẹ́tà náà lánàá bí Bàbá Ìbejì ṣe sọ. Adé Kékeré, mo bi í ní ìbéèrè rẹ. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní oògùn náà máa ń mú kí ẹsẹ̀ òun máa yọ òun lẹ́nu, kò lè dúró lójú kan, kò lè jókòó. Mo ti ń rí i tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀ tipẹ́, mo rò pé àìsàn ni.

Ìbéèrè mi: oògùn kejì tí wọ́n fún un nìyí, ohùn náà ṣì wà níbẹ̀. Ṣé bó ṣe máa wà nìyí?

Apòògùn Àdúgbò

Ìyá Àkọ́bí, ẹsẹ̀ tí kì í sinmi yẹn ní orúkọ, akathisia ni wọ́n ń pè é, oògùn ló sábà máa ń fà á, ó sì níṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe sí i. Wọ́n lè dín ìwọ̀n kù, wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n lè fi oògùn míì tó ń jẹ́ propranolol kún un. Ẹ má dúró de kílíníkì àgbà lórí èyí. Ẹ pe ti ọmọdé lọ́la, torí ó máa ń gba ìfọ̀kànbalẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn débi pé ẹ̀mí rẹ̀ lè má dùn mọ́ ọn mọ́.

Lórí ohùn tí kò lọ: bí èèyàn bá ti lo oògùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìwọ̀n rẹ̀ péye, tó lò ó déédéé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àìsàn náà ò sì gbọ́ oògùn, oògùn tó ń jẹ́ clozapine ló kàn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta àwọn tó ní schizophrenia ló máa ń wà nípò yìí. Láti ọdún 1988 la ti mọ̀: ìwádìí John Kane ní Amẹ́ríkà fi clozapine wé chlorpromazine lára àwọn tí oògùn míì ò ràn, 30 nínú 100 ló gbádùn lórí clozapine, 4 péré lórí ìkejì. Síbẹ̀, wọ́n máa ń fi í falẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní pàtàkì lára àwọn ọ̀dọ́, torí ó gba iṣẹ́. Ó lè pa sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lemọ́lemọ́. Ní Bírítéènì, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni fún ọ̀sẹ̀ 18 àkọ́kọ́. Ìgbẹ́ líle tó máa ń fà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, ó ti pa èèyàn rí. Bó bá ju wákàtí 48 lọ tí kò lò ó, kò gbọ́dọ̀ padà sórí ìwọ̀n rẹ̀ àtijọ́, àfi kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bó bá sì ń mu sìgá, tó wá ṣíwọ́ lójijì, oògùn náà máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà.

N ò sọ pé òun ló tọ́ sí ọmọ yín o, ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n ni kò péye. Ẹ ṣáà béèrè: “Ṣé a lè ka oògùn méjèèjì yìí sí èyí tí kò ràn án? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìgbà wo la máa sọ̀rọ̀ clozapine?” Kí ìdáhùn náà wà nínú ìwé.

Jagunlabí

Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó ń mu igbó. Igbó ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń mu, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Òṣìṣẹ́ Ìgbáyégbádùn

Ọ̀gá Jagunlabí, igbó líle lè dá kún irú àìsàn yìí, ó sì ń mú un padà, ẹ ò parọ́. Àmọ́ ohun tí ojú mi ti rí nìyí: kílíníkì ọpọlọ á ní kó lọ fi igbó sílẹ̀ ná, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún á ní kó lọ wo ohùn tó ń gbọ́ sàn ná. Ọmọ á máa lọ, á máa bọ̀, títí ó fi máa jókòó sílé. Ìyá Àkọ́bí, bó bá ń mu ún, ẹ sọ ọ́ ní gbangba, kẹ́ ẹ sì kọ̀ kí wọ́n fi lé e padà. Ibì kan ṣoṣo ló yẹ kí wọ́n ti wo méjèèjì pa pọ̀. Bó bá sì ti mu ún, kẹ́ ẹ má bá a jà lọ́jọ́ yẹn, ẹ dúró kí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Níwọ̀n bí mo ti débí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òru, torí òru ni wọ́n sábà máa ń pè mí. Bí ọkàn yín bá ń sọ fún yín pé ó ń ronú àtigbẹ̀mí ara rẹ̀, ẹ bi í lójúkojú: “Ṣé o ń ronú láti pa ara rẹ?” Ìbéèrè náà ò ní fi èrò tí kò sí síbẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn gbogbo inú ilé kúrò, títí kan tiyín, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì tàbí kẹ́ ẹ gbé e lọ. Bẹ́ ẹ bá ní láti pe ọlọ́pàá, kí gbólóhùn àkọ́kọ́ yín jẹ́ pé aláìsàn ni, kí ìkejì sọ bóyá nǹkan ìjà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kò sí. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fọn fèrè ọkọ̀ wọn.

Bí wọ́n bá wá gbà á sí wọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé ni kẹ́ ẹ túbọ̀ la ojú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn wọ́ọ̀dù léwu jù fún ẹ̀mí aláìsàn, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ní kí wọ́n kàn sí i kó tó pé wákàtí 72. Ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀ láìmọ ọjọ́, aago àti ẹni tó máa rí i.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó dáa. Ohun kan ló kù. Ìyá Àkọ́bí, ẹ béèrè bóyá ètò àkànṣe wà lágbègbè yín fún àwọn ọ̀dọ́ tí psychosis ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe, ìyẹn kéèyàn máa gbóhùn tí kò sí tàbí kó máa gba ohun tí kì í ṣòótọ́ gbọ́. Ó yàtọ̀ sí kílíníkì àgbà lásán, ìlà àwọn tó ń retí àtiwọlé síbẹ̀ sì lè yàtọ̀. Patrick McGorry àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Melbourne, ní Ọsirélíà, lọ́dún 1992, wọ́n ń gba àwọn tí kò tíì pé 18 àti àwọn tó ti kọjá rẹ̀, kò sí pé ọmọ pé 18 kí wọ́n tì í síta. Dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń wá iṣẹ́ fún un, ẹni tó ń bá ẹbí sọ̀rọ̀, gbogbo wọn wà lábẹ́ òrùlé kan. Ti iṣẹ́ yẹn ṣe pàtàkì gan-an: wọn kì í dúró kí ọmọ yá tán kí wọ́n tó bá a wáṣẹ́ tàbí kí wọ́n tó dá a padà síléèwé. Bó ṣe wà lẹ́nu ìtọ́jú ni wọ́n ti ń bá a wá a, àwọn tó ń ríṣẹ́ lọ́nà yìí sì pọ̀ ju àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ máa kọ́ṣẹ́ lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó ń jẹ́ RAISE gbé irú ètò yìí yẹ̀ wò lára àwọn 404 ní kílíníkì 34, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2015. Ó ran àwọn èèyàn lọ́wọ́ ju ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ. Àmọ́ ó bani lọ́kàn jẹ́ pé ìdajì wọn ti ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ 74, ó lé, kí ìtọ́jú tó kàn wọ́n, àwọn tó sì tètè dé ló jàǹfààní jù.

Mo ní ẹjọ́ díẹ̀ pẹ̀lú irú ètò yìí o, kẹ́ ẹ má bàa rò pé mò ń polówó. Ó máa ń parí. Ní Dẹ́ńmákì, ọdún méjì ni ètò tí wọ́n ń pè ní OPUS. Ara àwọn ọmọ náà le dáadáa láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó máa fi pé ọdún márùn-ún, èyí tó pọ̀ jù nínú àǹfààní náà ti pòórá. Ọmọ mi obìnrin gba irú ètò bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó parí ni a tún padà sídìí ìlà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á wọlé ni kẹ́ ẹ ti béèrè ohun tó kàn lẹ́yìn rẹ̀.

Bí wọ́n bá sì ní kò sírú ẹ̀ níbi tẹ́ ẹ wà, ó ṣeé gbà gbọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2022 pé 71 nínú 100 àwọn tó ní psychosis láyé ni kò rí ìtọ́jú ọpọlọ kankan gbà, àti pé nǹkan bíi 2 nínú 100 owó ìlera ni ìjọba ń ná sórí ọpọlọ. Ìdí tí ìlà yẹn fi gùn nìyẹn. Nípò bẹ́ẹ̀, ẹ fọwọ́ ara yín kó o jọ: dókítà kan, nọ́ọ̀sì kan tó mọ̀ ọ́n lórúkọ, olùkọ́ kan níléèwé, ẹnì kan bí Adé Kékeré tó ti gba ibẹ̀ kọjá.

Adé Kékeré

Mo wà níbí o. Bó bá fẹ́ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, kó kọ̀wé sí mi. Bí kò bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ àìsàn, ká sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Ìyá Àkọ́bí

Olúwa á san yín lẹ́san. Kílíníkì ọmọdé ti kọ oògùn míì sílẹ̀, wọ́n sì ti dín ìwọ̀n kù nítorí ẹsẹ̀ yẹn. Dókítà rẹ̀ ní òun á bá ẹni tó wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ti dá ọjọ́. Ọmọ ní òun ò ní sọ̀rọ̀ àmọ́ òun á jókòó síbẹ̀. Kí ni kí n mú dání?

Nọ́ọ̀sì Wọ́ọ̀dù

Kó jókòó síbẹ̀, ó tó. Ẹ mú bébà kan, mà. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tó ti lò rí, ìwọ̀n rẹ̀ ní mílígíráàmù, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó dá a dúró àti ìdí tó fi dá a dúró. Bẹ́ ẹ bá ṣì ní páálí àtijọ́ nílé, ẹ kó wọn sínú báàgì, wọ́n máa rí ìwọ̀n lára wọn. Lísàlẹ̀ bébà náà, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí kò bá kọ nǹkan kan, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kẹ́ ẹ má bá a kọ ọ́ o.